Rélùwéè Ràímì Lórí Tábìlì Bàbá Sígínà

Ṣúgà oníhóró tí mo rà láàárọ̀ yìí ò yọ́. Mo jù ú sínú tíì gbígbóná, mo fi ṣíbí dà á láàmú títí apá fi ń ro mí, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù bí òkúta ìpìlẹ̀ ilé. Mo mu tíì tán, mo rí i lódidi, ó ń wò mí. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣúgà tó bá le ló dáa, kì í tètè tán." Òótọ́ ni. Mo ti fọ̀ ọ́, mo tún máa lò ó lọ́la.

Ká ní Bàbá mi àgbà ni, wọn ò bá ti dá a padà. Bàbá ò fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ń pẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ. Wọ́n ti kú báyìí, àdúrà ogójì ọjọ́ wọn ló ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àǹtí Sìkí, ọmọ wọn obìnrin, àbúrò bàbá mi, ló ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ tí wọ́n á kà sí ẹbí létí.

Mo ní, "Àǹtí, fọ́ọ̀mù tírì ni mo ti dúró o."

Àǹtí ní, "Ṣé àwọn tó kàwé ló bá wọn jókòó ti tábìlì yẹn ni? Mùfú, kọ ọ́ bó o ṣe rí i. Bó o bá ṣi sípẹ́lì, a ó máa fojú fò ó."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fojú fò ó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, ṣùgbọ́n Agége ni wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe. Inú ilé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni wọ́n máa ń wà, àwọn ló ń fa sígínà sókè sílẹ̀, àwọn ló ń sọ fún rélùwéè pé máa lọ tàbí dúró. Ìdí nìyẹn tí gbogbo Ifákò, àdúgbò wa, fi ń pè wọ́n ní Bàbá Sígínà, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Èèyàn gígùn ni wọ́n, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í rẹ́rìn-ín sókè. Bí ẹ̀rín bá pa wọ́n, etí wọn ló máa ń mì.

Bí rélùwéè bá fọn fèrè, Bàbá á dìde dúró. Òkèlè lè wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè máa bá ayálégbé jà lórí omi tó dà sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dìde, wọ́n á dojú kọ ibi tí ojú irin wà, wọ́n á dúró títí ó fi kọjá. Nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé, tí gbogbo nǹkan ń ku díẹ̀díẹ̀, rélùwéè náà ò fi bẹ́ẹ̀ kọjá mọ́. Koríko hù sáàárín irin, ewúrẹ́ ń bímọ síbẹ̀. Àmọ́ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, Bàbá ṣì máa ń dìde. Ayálégbé wa kan, tíṣà ará Èkìtì, bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, kí lẹ ń dìde fún? Èmi ò gbọ́ fèrè kankan o."

Bàbá ò wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní, "O ò lè gbọ́ ọ. Ìwọ kọ́ ló ń pè."

Tíṣà yẹn kó jáde kí oṣù tó parí. Ó ní ilé náà jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì òun.

Kọ́ọ̀bù tíì méjì ni Bàbá máa ń pò. Wọ́n á mu ọ̀kan, wọ́n á gbé ọ̀kan síwájú àpótí kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé. Àpótí Ràímì nìyẹn. Nígbà tá a wà ní kékeré, a rò pé Ràímì jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá kan tó máa ń pẹ́ dé. Kò burú, a ò jìnnà sí òótọ́.

Ràímì ń wa rélùwéè ẹrù, ọ̀rẹ́ Bàbá tímọ́tímọ́ sì ni. Láyé ìgbà náà, ọ̀nà irin kan ṣoṣo ló lọ láti Agége sí Agbádó, òun náà ni wọ́n ń gbà bọ̀. Kí méjì má bàa pàdé lójú kan, òrùka irin ńlá kan wà tí wọ́n ń gbé lé awakọ̀ lọ́wọ́. Awakọ̀ á fi kọ́ èjìká. Tí òrùka ò bá sí lọ́wọ́ rẹ, o ò gbọdọ̀ wọ ọ̀nà. Bó o bá sì ti dé òdìkejì láyọ̀, àwọn ará Agbádó á lu bẹ́ẹ̀lì fún ẹni tó wà ní Agége, ìyẹn Bàbá, pé èèyàn rẹ ti dé, ọ̀nà ti ṣí.

Lọ́jọ́ kan, Ràímì dé Agége, ó ní ó rẹ òun, kí Bàbá jẹ́ kí òun fi wákàtí kan na ẹ̀yìn. Bàbá wo aago, wọ́n ní kò sáyè, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé òrùka kọ́ ọ léjìká. Wọ́n ní, "Ràímì, yára." Ràímì yára. Nígbà tó dé àárín igbó, ó dá rélùwéè dúró, ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti òrùka.

Títí dòní, wọn ò rí Ràímì, wọn ò rí òrùka. Wọ́n fi ajá wá a. Ajá náà gbóòórùn dé ìdí igi kan, ó jókòó, ó gbójú sókè, kò lọ mọ́. Wọ́n fẹ̀yìn wa rélùwéè náà padà sí Agége, wọ́n rọ òrùka tuntun, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀lì Agbádó ò dún fún Ràímì. Bàbá ò gbàgbé ìyẹn. Wọ́n á ní, "Títí bẹ́ẹ̀lì fi máa dún, ọ̀nà ò tíì ṣí. Ẹni tó rán èèyàn lọ kì í kúrò níbẹ̀."

Bó ṣe rí gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́, kì í ṣe òwe. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò sun oorun alẹ́ kan níta Agége àti Ifákò mọ́. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ èyí, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì dárí jì wọ́n. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn kú, Àǹtí Sìkí gbé mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà láti wá gbé wọn lọ síbi òkú. Mo wà níbẹ̀.

Àǹtí ní, "Bàbá, ẹ wọ mọ́tò, wọ́n á sin wọ́n kí ọjọ́ tó rọ̀."

"Ta ló máa dúró de bẹ́ẹ̀lì?"

"Bẹ́ẹ̀lì wo? Ẹ ti fẹ̀yìn tì! Àwọn tó ń lu bẹ́ẹ̀lì gan-an ti kú!"

"Ìyẹn ni mo ṣe ń dúró."

Àǹtí bú sẹ́kún, àwọn nìkan ló wọ mọ́tò lọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹbí ní ìgbéraga ló ń ṣe Bàbá. Wọ́n ní ọkàn wọn ti di irin. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, omi ń bọ́ lójú wọn sórí irùngbọ̀n, wọn ò nù ún. Wọ́n sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ti dé ibi tó ń lọ. Ẹni tí ò tíì dé ni mo ń dúró dè."

Báyìí o, kí n sọ bí tábìlì ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Oregun. SAP lé òyìnbó ọ̀gá wa padà sílùú rẹ̀. Ó ní ká wá mú ohun tá a bá fẹ́ nínú ilé òun. Àwọn tó gbọ́n tètè dé: ẹnì kan gbé fíríìjì, ẹnì kan gbé fáànù. Èmi dé nígbà tó ku páálí kan. Ó wúwo, inú mi dùn. Mo gbé e rù láti Oregun dé Ifákò, mo tú u: rélùwéè ìṣeré àwọn ọmọ òyìnbó. Orí rẹ̀ méjì, ẹrù tó ń fà, irin rẹpẹtẹ, taransifọ́mà méjì tó ń fún un níná, àti ohun méjì tí èèyàn fi ń mú un yára tàbí rọra, tó rí bíi rẹgulétọ̀ fáànù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń jẹ atẹ́gùn nílé wọn, èmi ní rẹgulétọ̀, mi ò ní fáànù.

Bàbá yọjú sí yàrá mi, wọ́n rí irin náà nílẹ̀. Wọ́n ní, "Mùfú, rẹgulétọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní, "Ó ti dáa. A ti wá lè fún Ràímì ní tiẹ̀."

Iwájú ilé la ti kan tábìlì náà, a gbé e sí pálọ̀ wọn. Bàbá fi ọ̀dà ya ilé rélùwéè sí i: Ìkẹjà lápá ọ̀tún, Agége láàárín, Agbádó lápá òsì. Láàárín Agége sí Agbádó, wọ́n lẹ aṣọ àwọ̀ ewé mọ́ ọn, ìyẹn igbó. Wọ́n ní kí n so bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà mọ́ ìparí irin ní Agbádó, kó máa dún bí rélùwéè bá fara kàn án.

Èmi ni mo so wáyà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo kọ́ṣẹ́ iná fún oṣù mẹ́ta ní Onígbòǹgbò kí ọ̀gá mi tó lé mi, nítorí ilé kan tí mo so iná sí, tó jẹ́ pé bí àlejò bá tẹ bẹ́ẹ̀lì, fáànù pálọ̀ ló ń yí. Ṣùgbọ́n Bàbá mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Irin méjì ló jọ ń sáré lọ. A fi ayùn gé ọ̀kan lójú márùn-ún, ó di ẹ̀ka mẹ́fà, a ò gé èkejì rárá. Ibi tá a bá gé, iná ò lè fò ó. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní súwíìṣì tiẹ̀: tẹ̀ ẹ́ sókè, rẹgulétọ̀ Bàbá ló ń fún ibẹ̀ níná, tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ti Ràímì, àárín, kò sẹ́ni tó ni ín. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí rélùwéè méjì fi lè wà lórí tábìlì kan tí ọwọ́ ẹnì kan ò ní dé orí ti ẹnìkejì. Lọ́jọ́ kan, mo yí súwíìṣì nígbà tí rélùwéè ṣì ń kọjá lójú ibi tá a gé. Bàbá gbá mi lọ́wọ́. "Ṣe sùúrù! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà lọ́dọ̀ mi!"

Lẹ́yìn ìrun àlàásàrí lójoojúmọ́, bí iná bá wà, Bàbá á jókòó. Wọ́n á wa tiwọn láti Ìkẹjà dé Agége, wọ́n á dúró. Rélùwéè Ràímì wà nínú igbó, lórí ẹ̀ka tiẹ̀, rẹgulétọ̀ rẹ̀ wà lórí òdo níwájú àpótí òfìfo. Bàbá á pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á kí i, wọ́n á gbé tíì síwájú rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wa tiwọn padà. Bàbá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ti Ràímì. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kàn wà á dé Agbádó, kí bẹ́ẹ̀lì dún, ká lè sinmi. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ ẹlòmíì kírun. "Ìwọ ni mo rán lọ ni?"

Ṣọ́jà kan wá bẹ ayálégbé wa wò lásìkò yẹn, ó rí wáyà àti súwíìṣì lójú fèrèsé. Ayé ológun ni, ojú wọn ò gba wáyà lọ́wọ́ aráàlú. Ó já wọlé. "Papa, wetin be dis? Na who you dey send message?"

Bàbá na ọwọ́ sí i, wọ́n fi òyìnbó iṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀. "Stop! Line not clear!"

Ṣọ́jà náà dúró. Mo fi ojú ara mi rí i, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀. Ó wo àpótí òfìfo, ó wo tíì tó ń rú èéfín níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Ó wí fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Oga, person dey sit down for there?"

Mo ní, "Not yet."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, èmi ni mo fà á. Iná dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú agbára, ó jó taransifọ́mà kan. Mo ní kò sóhun tó burú. Mo so rẹgulétọ̀ méjèèjì mọ́ ọ̀kan tó kù. Bàbá ní, "Ṣé kò ní ṣe nǹkan kan?" Mo ní, "Bàbá, iná náà niná ń jẹ́." Etí wọn mì. Wọ́n ní, "Ó dáa, Ẹnjiníà."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá yí rẹgulétọ̀ tiwọn. Rélùwéè tiwọn gbéra ní Ìkẹjà. Nínú igbó, ti Ràímì ta kìjí. Ó rìn tó ìwọ̀n ìka kan, ó dúró. Àpótí ṣófo, rẹgulétọ̀ rẹ̀ wà lórí òdo. Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n ní, "Ràímì, rọra."

Lójoojúmọ́ ló ń rìn bẹ́ẹ̀, ìka kan, ìka méjì. Bàbá yí padà. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kọrin. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àǹtí Sìkí. Wọ́n ní bí bẹ́ẹ̀lì bá ti dún, kí wọ́n wá gbé àwọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn fẹ́ lọ kúnlẹ̀ níbi sàréè ẹ̀gbọ́n àwọn, kí àwọn sì bẹ ẹbí. Àǹtí jó láti pálọ̀ dé kànga.

Èmi nìkan ni jìnnìjìnnì ń bá. Mo lọ bá ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ní Agége, mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní níwọ̀n ìgbà tá a ti fi irin kan sílẹ̀ láìgé, rẹgulétọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní taransifọ́mà tiẹ̀; bí méjì bá ń mu lára ọ̀kan, iná ẹnì kan á máa jò sí ti ẹnìkejì. Ó ní, "Kò sí iwin níbẹ̀, Bọ̀dá. Ìwọ ni iwin." Ó bá mi wá taransifọ́mà àlòkù kan.

Mo sọ fún Àǹtí. Àǹtí dì mí lọ́rùn aṣọ mú. "O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ku díẹ̀ kó dé. Jẹ́ kí Bàbá mi lọ sílé."

"Irọ́ ni, Àǹtí. Wáyà mi ni. Wọ́n fẹ́ torí wáyà mi lọ kúnlẹ̀ níwájú sàréè."

"Ṣé irọ́ tó gbé èèyàn délé kò sàn ju òótọ́ tó jókòó sójú kan lọ ni?"

Ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Èèyàn ti fi ogún ọdún dúró de ẹnì kan, èmi wá ń fi iṣẹ́ burúkú ti ẹni náà wọlé fún un. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, tí Bàbá lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, mo so taransifọ́mà kejì mọ́ rẹgulétọ̀ Ràímì. Mo yí ti Bàbá wò, sókè sísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Tiwọn ń lọ, ti Ràímì ò mira. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo so wáyà tó pé nìyẹn, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Àǹtí, ẹ má bínú. Ibí lẹ ti ń gbọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà ló gbẹ̀yìn. Bàbá sùn lálẹ́ rẹ̀, wọn ò jí fún ìrun àsùbáà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nìyí, mo kọ ọ́ bí mo ṣe rí i.

Bàbá jókòó, wọ́n yí rẹgulétọ̀. Tiwọn gbéra ní Ìkẹjà, ó dé Agége. Ti Ràímì ò mira. Wọ́n wà á padà, wọ́n tún wà á dé. Kò mira. Ó ku ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan kí ti Ràímì dé Agbádó. Mo ń wo ilẹ̀. Mo ti ya ẹnu láti jẹ́wọ́.

Bàbá yí tiwọn sí òdo. Wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì lé itan, wọ́n dojú kọ àpótí. Ohùn wọn rẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Ràímì, má yára. O ní ó rẹ̀ ẹ́, mi ò jẹ́ kó o sinmi. Mi ò wo aago mọ́. Ìgbà tó bá wù ẹ́ ni kó o dé."

A jókòó. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Rẹgulétọ̀ méjèèjì wà lórí òdo. Mo gbọ́ ẹyẹ lórí páànù, mo gbọ́ ọmọ ayálégbé tó ń ka ìwé rẹ̀ sókè. Rélùwéè Ràímì gbéra. Kò ta kìjí lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó sinmi tán. Ó jáde nínú aṣọ ewé náà, ó wọ Agbádó, ó fara kan ìparí irin. Bẹ́ẹ̀lì dún.

Bàbá dìde dúró. Wọ́n dúró títí bẹ́ẹ̀lì fi pa. Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù Ràímì, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n fi hàn mí. Ó ti gbẹ. Wọ́n kọjá lára mi lọ sí yàrá wọn, nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n yíjú padà, etí wọn ń mì.

Wọ́n ní, "Mùfú, ọjọ́ tó o ti so méjì mọ́ ọ̀kan ni mo ti mọ̀ pé iná tìrẹ ń jò. Má tún un ṣe o, ó wúlò fún wa."

Mo ti tún un ṣe láti ọ̀sán.